Rédíógíráàmù Bàbá Mi Tí Òjò Wọlé Bá

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè mí láti Ìjẹ̀bú-Igbó pé atẹ́gùn ti ṣí páànù mẹ́ta kúrò lórí ilé bàbá wa ní Òkè-Àgbò, àti pé òkè pálọ̀ ni ihò náà bọ́ sí, ní ọ̀gangan ibi tí rédíógíráàmù bàbá wa, àpótí tí rédíò àti ẹ̀rọ àwo orin jọ wà nínú rẹ̀, dúró sí. Kò sí ẹni tí ó ń gbé inú ilé náà mọ́ láti ìgbà tí Ìyé wa ti wá bá mi gbé ní Ìjẹ̀bú-Òde, nítorí náà a kò lè sọ iye òjò tí ó ti rọ̀ lé e lórí kí aládùúgbò kan tó ṣàkíyèsí. Iṣẹ́ títún rédíò ṣe ni mo fi ń jẹun láti ọdún 1994, ṣọ́ọ̀bù mi sì wà ní òpópónà Fọlágbadé. Ẹ̀gbọ́n mi kò béèrè bóyá ó ṣeé tún ṣe. Ọjọ́ tí yóò parí ni ó béèrè. Mo dá a lóhùn pé ó di ìgbà tí mo bá rí i, ìdáhùn náà kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Grundig ni rédíógíráàmù náà, láti Jámánì. Bàbá mi rà á ní Èkó lọ́dún 1964, nígbà tí òwò gẹdú ń mú owó gidi wọlé fún un. Ó gùn ju mítà kan lọ dáadáa, ẹsẹ̀ mẹ́rin tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó fi dúró, wọ́n sì fi awọ igi, ìyẹn igi tí wọ́n là fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bò ó lára, wọ́n wá fi pólíìṣì dán an débi pé èèyàn lè rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Rédíò wà lápá òsì, ẹ̀rọ tí ń yí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù wà lápá ọ̀tún, àyè tí a ń kó àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù sí sì wà láàárín. Lára gíláàsì tí a fi ń wá ilé iṣẹ́ rédíò ni mo ti kọ́kọ́ ka Hilversum, Luxembourg àti Beromünster, kí n tó mọ̀ pé orúkọ ibi tí èèyàn ń gbé ni wọ́n. Iná aláwọ̀ ewé kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì náà tí ó máa ń nà bí ohùn bá ti ń mọ́ sí i, èmi àti àbúrò mi a sì máa jà lórí ẹni tí yóò jókòó síwájú rẹ̀. Ní ọjọ́ Ojúde Ọba, tí í ṣe ọjọ́ kẹta Iléyá, bí bàbá mi bá ti dé láti Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, àpàlà Hàrúnà Ìṣọ̀lá ni wọn yóò fi sí i títí ilẹ̀ yóò fi ṣú pátápátá. Ìjẹ̀bú-Igbó ni Hàrúnà fi ṣe ilé, ibẹ̀ náà ni ó sì dá Phonodisk, ilé iṣẹ́ ìgbohùnsílẹ̀ rẹ̀, sí lọ́dún 1979, nítorí náà ohùn ẹni tiwa ni a ń gbọ́ láti inú àpótí tí ó ti òkè òkun wá. Mo sọ èyí kí ó lè yé ẹni tí ń kà á pé ọkàn mi ti pinnu láti tún un ṣe kí ojú mi tó rí i, èyí gan-an ni mo sì ní láti bá jà.

Ìrírí kan ni kò jẹ́ kí n fi ọkàn náà ṣiṣẹ́. Ní ọdún 2009, ìyá kan láti Ìkẹ́nnẹ́ gbé rédíógíráàmù ọkọ rẹ̀ tí ó ti dolóògbé wá bá mi lẹ́yìn tí àgbàrá wọ ilé wọn. Mo gbé e sí oòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta, mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan án, ó gbẹ táútáú, mo sì fi í sí iná. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde bí ẹyin tí ó ti jẹrà, èyí tí í ṣe òórùn réktífáyà onísẹ̀léníọ̀mù (ẹ̀yà tí ń sọ iná AC di DC) bí ó bá ń jóná, tí ó sì léwu fún ẹ̀dọ̀fóró. Kí n tó fa wáyà yọ, èéfín ti gba inú tíránsfọ́mà jáde. Omi tí ó wà níta ti gbẹ, ṣùgbọ́n èyí tí ó sápamọ́ sínú bébà tí wọ́n fi ya ìlà wáyà kan sọ́tọ̀ kúrò lára ìkejì nínú tíránsfọ́mà kò tíì lọ síbì kan. Oòrùn tí mo rò pé mo fi ràn án lọ́wọ́ sì ti la awọ igi tí ó wà lórí ìdérí rẹ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, nítorí pé òkè gbẹ kí inú tó gbẹ. Ìyá náà kò bú mi. Ó kàn bẹ̀ mí pé kí n bá òun gbé e padà sínú ọkọ̀ ni, ojú sì ń tì mí títí dòní nígbàkígbà tí mo bá gba Ìkẹ́nnẹ́ kọjá.

Nítorí náà, nígbà tí àwa mẹ́rin gbé ti bàbá mi jáde, ẹ̀gbẹ́ ni a ti dì í mú, a kò fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ rẹ̀, torí pé igi tí ó ti mu omi lè já ní abẹ́ ìwọ̀n ara rẹ̀. Mo ya fọ́tò rẹ̀ kí n tó tú skúrù kan ṣoṣo, mo sì ń yà á bí mo ti ń tú u, mo ń so bébà kékeré tí mo kọ nǹkan sí mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi ni mo gbé e sí, lábẹ́ òrùlé, lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i tí oòrùn kò sì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo yọ pákó ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo sì yá òṣùwọ̀n ìyá tí ń ta ẹja yìnyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn tí ó bá ti tà tán tí ó sì ti fọ òṣùwọ̀n náà, mo máa ń gbé pákó náà lé e. Kílò 9.3 ni ó wọ̀n ní Sátidé àkọ́kọ́. Ó ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ keje ó wọ̀n kílò 6.9, ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ kílò 6.9 náà ni. Ìgbà náà ni mo gbà pé ó ti gbẹ. Àtẹ́lẹwọ́ kò lè sọ irú rẹ̀ fún èèyàn, n kò sì tún fi àtẹ́lẹwọ́ ṣèdájọ́ igi mọ́ láéláé. Ẹ̀gbọ́n mi ń pè mí ní gbogbo ọjọ́ Àìkú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yìí, ìdáhùn kan náà ni mo sì ń fún un, pé omi ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

Ohun tí mo rí lẹ́yìn tí ó gbẹ kò bá èrò mi mu. Mo ti rò pé àwọn ohun tí iná ń gbà kọjá ni yóò bàjẹ́ jù, tí ara àpótí náà yóò sì ṣeé gbà là, nítorí pé ọmọ onígẹdú ni mí, mo sì gbà gbọ́ pé igi tí ó dára kì í kú sínú omi. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ara rẹ̀ ni igi. Ìdérí àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni pláìwúùdù tí wọ́n fi awọ igi bò. Awọ náà ti wú, ó ti ṣí kúrò níbi púpọ̀, ṣùgbọ́n gíláù àtijọ́ máa ń rọ̀ bí ó bá rí ooru, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dá lè tún un lẹ̀ kí ó sì di gidi. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti iwájú tí àwọn sípíkà dúró lé ni ìṣòro wà. Èérún igi tí wọ́n fi gíláù pò, tí wọ́n sì tẹ̀ di pákó, ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Bí irú pákó bẹ́ẹ̀ bá mu omi, ó wú bí gààrí tí a bu omi sí, kò sì sí ọgbọ́n tí èèyàn lè dá tí yóò fi padà sí bí ó ti wà. Ibi tí ó nípọn ní mìlímítà 16 tẹ́lẹ̀ ti di 23, bí mo sì ti fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó ń ya lulẹ̀. Irú pákó yìí kan náà ni ó ń pa ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ géèmù ńláńlá tí à ń fi owó ẹyọ ta: ẹsẹ̀ ni wọ́n ti ń mu omi, wọ́n á sì máa wú lọ sókè nígbà tí ẹni tí ó ni wọ́n ń wo iwájú wọn pé ó ṣì dára. Ikán ti rí ìsàlẹ̀ tiwa yìí náà kí n tó rí i.

Nínú àwọn irin rẹ̀, mo fi mítà tí ń ti iná fólítì 500 wo bí tíránsfọ́mà ńlá ṣe ya wáyà rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára irin, èsì rẹ̀ kò sì tó megohm kan lẹ́yìn gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yẹn, èyí tí ó fi hàn pé iná ṣì lè jò láti ara wáyà sí irin. Bí mo bá fi í sí iná, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ti ìyá Ìkẹ́nnẹ́ ni yóò tún ṣẹlẹ̀. Ọ̀kan nínú tíránsfọ́mà kékeré méjì tí ń gbé ohùn lọ sí sípíkà ti já nínú. Ìpáàrà aláwọ̀ ewé ti jẹ wáyà rẹ̀ tí kò nípọn ju irun orí lọ. Bébà sípíkà kan ti jẹrà, èkejì yè.

Ṣùgbọ́n àwọn fáàfù rẹ̀, ìyẹn àwọn gíláàsì kéékèèké tí ń ṣe iṣẹ́ tí tíránsísítọ̀ ń ṣe lóde òní, ECC85, ECH81, EF89 àti EM84 tí í ṣe ojú aláwọ̀ ewé ìgbà èwe mi, kò sí ohun tí ó ṣe wọ́n. Inú gíláàsì tí kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ ni wọ́n wà, omi kò lè wọ ibẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn nìkan ni ó dógùn-ún díẹ̀. Ohun kan ni kí a ṣọ́ra fún: lẹ́tà tí wọ́n fi kọ orúkọ wọn sí ara gíláàsì máa ń bá aṣọ ìnulẹ̀ lọ bí ó bá ti tutù, nítorí náà mo kọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí bébà kí n tó kàn án. Bẹ́ẹ̀ náà ni gíláàsì tí Hilversum wà lára rẹ̀: ẹ̀yìn gíláàsì ni wọ́n kun ọ̀dà náà sí, ẹni tí ó bá fi aṣọ nu ẹ̀yìn yẹn yóò nu gbogbo ilé iṣẹ́ rédíò Yúróòpù dànù. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni mo fi gbọn eruku iwájú rẹ̀, n kò kan ẹ̀yìn rẹ̀ rárá. Ẹ̀rọ tí ń yí àwo ti dógùn-ún lójú, ṣùgbọ́n mọ́tò rẹ̀ yè, rọ́bà tí ń yí i nìkan ni ó ti le. Ní ti àwọn kàpásítọ̀ onípépà, àwọn ẹ̀yà kéékèèké tí ń gba iná pamọ́ fún ìgbà díẹ̀, gbogbo wọn ni mo ní láti pààrọ̀, ìyẹn kì í sì í ṣe ẹ̀bi òjò. Kódà ká ní omi kò kàn án rí, kàpásítọ̀ tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún kò ṣeé fọkàn tán.

Àbúrò mi tí ó wà ní Èkó fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi lákòókò yìí, ti rédíógíráàmù tí wọ́n ti kó gbogbo inú rẹ̀ dànù tí wọ́n sì fi Bluetooth sí i. Ó ní kí a ṣe bẹ́ẹ̀, kí Ìyé lè máa fi fóònù gbọ́ orin nínú rẹ̀. Inú kọ́kọ́ bí mi. Nígbà tí inú mi rọ̀, mo rí i pé kì í ṣe ìwà àìmọyì ni ó mú un sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn náà dojú rú: ara àpótí yẹn gan-an ni ó ti jẹrà, inú rẹ̀ ni ohun tí ó yè kù sí. A ó kó ohun tí ó yè dànù, a ó wá ná owó lórí èyí tí ó ti kú. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ohun àtijọ́ tí omi wọ̀ wá bá mi, kì í ṣe ohun tí ó bàjẹ́ ni mo kọ́kọ́ ń kà. Ohun tí ó kù ni mo ń kọ sílẹ̀, màá sì kọ sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan bóyá a lè rí irú rẹ̀ mọ́ láyé tàbí a kò lè rí i.

Kápẹ́ńtà tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù bu ₦180,000 lé e fún ìsàlẹ̀ tuntun, iwájú tuntun àti lílẹ awọ igi padà. Ẹni tí ń wé wáyà tíránsfọ́mà gbà láti wé èyí tí ó tóbi. Ó wo èyí tí wáyà rẹ̀ dà bí irun, ó sì dá a padà fún mi. Kàpásítọ̀ àti sípíkà ṣì ń bẹ lẹ́yìn. Ó ti lé ní ₦300,000 dáadáa kí n tó ka wàhálà ara mi mọ́ ọn. Mo sì ń sọ òtítọ́ bí mo bá ní kì í ṣe owó ni ó dá mi dúró. Èmi àti àwọn ọmọ bàbá mi ì bá dá a. Ohun tí ó dá mi dúró ni pé mo jókòó ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo sì ka ohun tí yóò ṣẹ́ kù nínú ohun tí bàbá mi rà lọ́dún 1964 bí a bá tún un ṣe tán: ìdérí, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ̀rọ tí ń yí àwo, gíláàsì, àwọn fáàfù àti sípíkà kan. Ọkùnrin kan ní Ṣágámù sì wà tí ó ń ta Grundig kan tí ó jọ ọ́, tí òjò kò rọ̀ sí rí, ṣùgbọ́n tí eku ti jẹ inú rẹ̀, tí gíláàsì rẹ̀ ti fọ́, tí wọ́n sì ti yọ ẹ̀rọ tí ń yí àwo kúrò nínú rẹ̀. ₦70,000 ni ó pè é. Bí mo bá kó ohun tí ó yè lára ti bàbá mi sínú rẹ̀, nǹkan kan náà ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́ kù láti ọwọ́ bàbá mi, nínú àpótí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbé e.

Síbẹ̀ n kò lè sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Ìyé ni ó tú mi sílẹ̀, kò sì mọ̀ pé òun ń tú mi sílẹ̀. Mo ń fọ ẹ̀rọ tí ń yí àwo lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wá jókòó tì mí, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, «Èyí ṣáà pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ.» Mo bi wọ́n pé àkọ́kọ́ wo. Wọ́n ní kí a tó bí mi, bàbá mi ti ní gíráàmù mìíràn rí, tí iná ìlú jó o, tí wọ́n sì fún oníṣọ́ọ̀bù ní Èkó lójú ẹsẹ̀ kí ó fi lé owó èyí tí wọ́n rà tẹ̀ lé e. Wọ́n ní bàbá mi kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn wò ó. Mo wá bi wọ́n ohun tí àwọn fúnra wọn fẹ́ kí n gbà là. Wọn kò ro ó rárá. Wọ́n ní àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù.

Ojú tì mí pé n kò tíì fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù náà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sẹ́yìn ju pé mo kó wọn jáde, mo sì tò wọ́n nàró. Mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni wọ́n. Bébà tí wọ́n fi ń bò wọ́n ti bu, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra wọn. Mo ya fọ́tò gbogbo èyí tí àwòrán rẹ̀ ṣì hàn, mo sì yọ̀ǹda àwọn bébà náà. Àwọn àwo fúnra wọn kì í tètè kú sínú omi bí bébà. Omi tí ó lọ́ wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ olómi díẹ̀ ni mo fi fọ̀ wọ́n, mo fi ọ̀rá bo àárín tí orúkọ olórin wà, mo fi omi tí kò ní iyọ̀ nínú ṣan wọ́n, mo sì tò wọ́n síbi òjìji. Mọ́kànlá nínú wọn ni àwọn tó le tí ń fọ́ bí àwo tánganran, tí ń yí ìgbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan. N kò jẹ́ kí spírítì dé itòsí wọn, nítorí pé ṣẹ́láàkì wà nínú ohun tí wọ́n fi ṣe wọ́n, spírítì sì máa ń yọ́ ṣẹ́láàkì; mo ti rí ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu orin kúrò lójú àwo bẹ́ẹ̀. Mọ́kànlélógójì nínú mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni ó yè.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi wá sí Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì sọ ìpinnu mi fún wọn lójúkojú, pé màá kó ohun tí ó yè lára ti bàbá wa sínú Grundig ti Ṣágámù. Wọ́n dìde. Wọ́n ní, «Ṣé o wá fẹ́ máa tú ohun bàbá wa ní ẹyọ ẹyọ bí ọkọ̀ tó ṣubú sí Ọ̀rẹ̀ ni?» N kò bá wọn jiyàn. Mo mú pákó ìsàlẹ̀ náà wá, mo gbé e lé wọn lọ́wọ́, ó sì ya sí méjì láàárín ọwọ́ wọn láìjẹ́ pé wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbọn èérún náà kúrò lára agbádá wọn, wọ́n kí Ìyé, wọ́n sì lọ. Mo mọ̀ pé ó dùn wọ́n, ó dun èmi náà. Àwọn ni wọ́n máa ń bá bàbá wa pààrọ̀ àwo lọ́jọ́ Ojúde Ọba nígbà tí èmi ṣì kéré jù láti fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ náà gbà mí ní oṣù márùn-ún. Mo pààrọ̀ gbogbo kàpásítọ̀ onípépà àti réktífáyà, mo wá rọ́bà tuntun fún ẹ̀rọ tí ń yí àwo, mo sì fi gílóòbù wáàtì 60 sí ojú ọ̀nà iná nígbà tí mo kọ́kọ́ tan án, kí gílóòbù náà gba ìyà bí nǹkan kan bá ṣì kù sílẹ̀. Gílóòbù náà tàn yòò, ó rẹlẹ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn bí ìdajì ìṣẹ́jú, EM84 bàbá mi là lójú, ó mọ́ bí ewé tuntun. Mo yí abẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ tí ó wà fún àwo 78, nítorí pé ojú ihò àwọn àwo wọ̀nyẹn fẹ̀ ju ti ìgbẹ̀yìn lọ, mo sì fi ọ̀kan sí i fún Ìyé.

Ní ọjọ́ Ojúde Ọba ọdún 2023, ẹ̀gbọ́n mi yà kí Ìyé pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́ wọn lọ́rùn. Àpàlà ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà títí ojú àwo náà fi parí, wọn kò jókòó, wọn kò sì sọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ohun tí wọ́n bi mí ni ibi tí ìdérí ti àkọ́kọ́ wà. Mo mú wọn lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù níbi tí mo gbé e tì sí ògiri, mo sì ti tún awọ igi rẹ̀ lẹ̀ tán, àfi igun kan tí ó ṣì ń ṣí díẹ̀. Wọ́n gbé e sí ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn lọ sí Òkè-Àgbò. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má gbé e sí oòrùn.